Mò ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin: kí ni kí n fi hàn wọ́n, báwo ni wọ́n sì ṣe ń pín pápákọ̀ sí oríṣìíríṣìí?

Tísà Ìsánlú

Ẹ òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Tísà jọ́gíráfì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsánlú. Ní sáà tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ SS2 méjìlélógójì ni mo fẹ́ kó lọ wo pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin. Nínú wọn, ẹni méjì péré ló ti fojú kan bàálù nílẹ̀ rí. Àwọn yòókù, èyí tó ń kọjá lójú ọ̀run tí wọ́n ń juwọ́ sí láti kékeré nìkan ni wọ́n mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo gbìyànjú rẹ̀ ní pápákọ̀ mìíràn tí mi ò ní dárúkọ. A débẹ̀, wọ́n ní a ò kọ̀wé ṣáájú. Àwọn ọmọ dúró sídìí wáyà fún wákàtí méjì, a sì padà sílé. Bí gbogbo bọ́ọ̀sì ṣe dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Mi ò fẹ́ kó tún rí bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Àkọ́kọ́, àwọn apá wo nínú pápákọ̀ ni kí n rí i dájú pé wọ́n rí, kí sì ni iṣẹ́ wọn? Èkejì, báwo ni wọ́n ṣe ń pín pápákọ̀ sí ìsọ̀rí? Ìwé tí à ń lò kàn sọ pé "ti abẹ́lé àti ti òkèèrè", kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti gbabẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Awakọ̀ Òkun

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ti ọ̀nà ni tèmi. Ẹ gba Ẹ̀gbẹ̀ já sí Èrúkù, kí ẹ gba Òmù-Àrán dé Àjàṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ni kí ẹ gbéra, kí ẹ sì ti kọjú sílé ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Bọ́ọ̀sì méjì ni kí ẹ gbà, kí wọ́n má fún ara wọn pa.

Ẹni tó bá ń ti Kàbà tàbí Ìyàrà wá, Àbújá lè rọrùn fún un ju Ìlọrin lọ. Tó bá gba Lọ́kọ́jà títí dé Gwagwaládà, ní Gírì ló ti máa yà sí pápákọ̀, kò ní wọ ìgboro Àbújá rárá. Ṣùgbọ́n láti Ìsánlú, Ìlọrin ni.

Bàbá Panápaná, Ẹ̀gbẹ̀

Tísà, ọmọ mi, Ọlọ́run á fún ọ lókun. Panápaná pápákọ̀ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì wá sílé. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má bẹ̀rẹ̀ láti inú tẹ́mínà, ilé tí èrò ń gbà kọjá lọ wọ bàálù. Ilé gíláàsì yẹn ló máa ń gba ojú gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ dé pápákọ̀, wọ́n á rò pé òun gan-an ni pápákọ̀. Bí a bá wó o palẹ̀ lónìí, èrò lè dúró sábẹ́ igi kí bàálù wá gbé wọn. Ṣùgbọ́n bí rọ́nwéè, ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀ sí, bá bàjẹ́, iṣẹ́ tán.

Rántí Àbújá ní 2017. Rọ́nwéè kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó ti gbó, àfi kí wọ́n tún un ṣe. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti tì í fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tẹ́mínà wà níbẹ̀ digbí, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n Kàdúná ni àwọn bàálù Àbújá ń balẹ̀ sí, wọ́n á wá fi bọ́ọ̀sì àti reluwé kó èrò wá. Ìtàn yẹn ni kí o fi ṣí ẹ̀kọ́ náà.

Rọ́nwéè Ìlọrin gùn tó 3,100 m, ìyẹn kìlómítà mẹ́ta ó lé. Ní orí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà gàgàrà sílẹ̀: 05 ní orí kan, 23 ní orí kejì. Jọ́gíráfì ni wọ́n ń kọ́, jẹ́ kí wọ́n mú kọ́ńpáàsì dání. Awakọ̀ tó bá wà ní orí 05 tó kọjú sí gígùn rọ́nwéè, nǹkan bíi 50 dígírì ni kọ́ńpáàsì rẹ̀ máa tọ́ka sí, ìyẹn àríwá-ìlà-oòrùn. Wọ́n á yọ òdo tó gbẹ̀yìn, ó ku 5, wọ́n á fi òdo ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ti òdìkejì wá, 230 ni tirẹ̀, ó di 23. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà méjèèjì fi máa ń fi 18 ju ara wọn lọ, ní ibikíbi tí rọ́nwéè bá wà láyé. Níbi tí rọ́nwéè méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti Èkó, wọ́n á fi L àti R sí i láti mọ ti òsì yàtọ̀ sí ti ọ̀tún.

Kí ló dé tí wọ́n fi kọ orí rẹ̀ síbẹ̀? Afẹ́fẹ́ ni. Bàálù máa ń fẹ́ kojú afẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ń ti iwájú bọ̀ ló ń bá ìyẹ́ gbé e sókè, ilẹ̀ tó máa sá kò ní pọ̀. O sì mọ afẹ́fẹ́ tiwa: ọyẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá, afẹ́fẹ́ òjò ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá. Ìlọrin jẹ́ 05/23, Àbújá 04/22, Akúrẹ́ 03/21. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń wò! Nígbà ọyẹ́, ìhà 05 ni bàálù sábà máa ń gbéra sí ní Ìlọrin. Nígbà òjò, ìhà 23. Fi àpò aláwọ̀ ọsàn tó ń fẹ́ lórí òpó hàn wọ́n. Òun ló ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá àti bó ṣe lágbára tó. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú tọ́wà, ilé gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù, wọn ò tíì torí rẹ̀ yọ àpò yẹn kúrò.

Ojú ń ro mí, màá padà wá sọ ti panápaná.

Ọmọ Ìyàrà l'Ékòó

Ẹ ṣeun Bàbá. Ẹrù ni mò ń kó sínú bàálù ní Ìkẹjà, ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí rọ́nwéè tí Bàbá fi í sí.

Bí bàálù bá ti balẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró sórí rọ́nwéè, torí òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Yóò yà sí tàsíwéè, ọ̀nà tóóró tó so rọ́nwéè mọ́ ibi ìgúnlẹ̀. Ibi ìgúnlẹ̀ náà ni à ń pè ní ápírọ̀nù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà: ibẹ̀ la ti ń já ẹrù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu epo, ibẹ̀ ni èrò ti ń gun àtẹ̀gùn. Epo bàálù ọ̀hún, kẹrosíìnì tí wọ́n túbọ̀ sẹ́ dáadáa ni, ọmọ ìyá èyí tí à ń fi tan àtùpà nílé. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ ọ́.

Kí ẹ kọ́ wọn ní àwọ̀, wọn ò ní gbàgbé. Ọ̀dà funfun ni ti rọ́nwéè. Ọ̀dà yẹ́lò ni ti tàsíwéè. Lálẹ́, iná funfun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwéè, iná búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàsíwéè. Awakọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè máa rí iná tútù bí ewé ní ibi tí rọ́nwéè ti bẹ̀rẹ̀, á sì rí pupa ní ibi tó parí sí. Iná mẹ́rin kan tún wà ní ẹ̀gbẹ́: bí ó bá rí méjì funfun méjì pupa, ó wà lójú ọ̀nà tó tọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá pupa, ó ti wálẹ̀ jù, kó yáa gbé imú sókè.

Níbi tí tàsíwéè ti fẹ́ kan rọ́nwéè, ẹ máa rí ìlà yẹ́lò mẹ́rin, méjì gún gbọọrọ, méjì gé sí wẹ́wẹ́. Bàálù tó bá dé ẹ̀gbẹ́ èyí tó gún gbọọrọ gbọ́dọ̀ dúró títí tọ́wà á fi ní kó kọjá. Ẹni tó bá fojú kéré ìlà yẹn lè gba ẹ̀mí èèyàn púpọ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa ápírọ̀nù o. Kí ẹnì kankan má sáré, kí fìlà tàbí ọ̀rá má fò lọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ́ńjìnnì máa ń fa nǹkan mu. Òkúta kékeré kan péré lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, nítorí náà àwa òṣìṣẹ́ máa ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárọ̀ ká lè ṣa gbogbo pàǹtí ilẹ̀.

Ìyá Ìjùmú

Ẹ òkun, ẹ òkun. Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti ìta. Ẹ má jẹ́ kí Tísà fojú fo tẹ́mínà, torí ibẹ̀ ni àyà èèyàn ti ń já.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ lókè òkun, mo gbéra láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú èlùbọ́, ìrù àti ẹ̀gúsí. N ò tíì wọ bàálù rí láyé mi. Mo dé inú gbọ̀ngàn ńlá yẹn, gbogbo èèyàn ń sáré, gbogbo àkọlé lédè òyìnbó, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló di ọwọ́ mi mú. Títí dòní ni mò ń gbàdúrà fún un.

Nítorí náà, Tísà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rìn ín bí èrò ṣe ń rìn ín. Ẹ ya tíkẹ́ẹ̀tì lórí páálí fún wọn láti ilé. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí kàǹtá tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní ìwé ìwọlé. Ẹrù ńlá á gba orí bẹ́líìtì lọ, ẹ ò ní rí i mọ́ àfi níbi tí ẹ bá sọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ibi àyẹ̀wò ara: bàtà, bẹ́líìtì, fóònù, gbogbo rẹ̀ nínú abọ́. Bí ó bá ké, kì í ṣe pé ẹ jalè, owó kọ́ìnsì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ òkèèrè, ìmígíréṣọ̀n á yẹ ìwé ìrìnnà wò. Ìgbà náà ni ẹ ó tó jókòó síwájú géètì tí wọ́n kọ sórí ìwé yín. Ìrìn náà kò ju ìyẹn lọ. Ká ní ẹnì kan ti tò ó fún mi bẹ́ẹ̀ ṣáájú ni, ẹ̀jẹ̀ mi ò ní ru.

Ẹ sọ èyí náà fún wọn: báńkì fóònù, inú báàgì ọwọ́ ló ń wà, kì í wọ inú ẹrù ńlá, torí bátìrì lè gbiná níbi tí kò sí ẹni tó máa rí i. Tó bá sì jẹ́ òkèèrè, omi tàbí ìpara tó bá ju 100 ml lọ kì í kọjá nínú báàgì ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀. Wọ́n gba àdí mi.

Bàbá Panápaná, Ẹ̀gbẹ̀

Mo ti padà. Ìyá Ìjùmú, ẹ kú ewu. Ẹ ti sọ ọ́ dáadáa ju èmi lọ.

Tiwa rèé. Bí o bá dé ibùdó panápaná, wo bó ṣe wà ní ìtòsí rọ́nwéè tí kò sì sí ohun tó dí i lọ́nà. Òfin àgbáyé ni pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí aago bá ti dún, ọkọ̀ wa gbọ́dọ̀ ti dé ibikíbi lórí rọ́nwéè, kí ó sì ti máa tú fóòmù. Méjì gan-an ni à ń lé. Nígbà ìdánrawò, ẹni tó bá ń jẹun á ju síbí sílẹ̀. Bàálù tó bá ń jó kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó tún bọ́ sínú ìbéèrè rẹ kejì. Wọ́n ń pín pápákọ̀ sí ìpele 1 dé 10 nípa agbára panápaná rẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n ni gígùn bàálù tó ń wá síbẹ̀ àti fífẹ̀ ara rẹ̀ láìka ìyẹ́. Boeing 737-800 tó gùn ní 39.5 m, ìpele 7 ni. Airbus A320 kúrú sí i díẹ̀, ìpele 6. Boeing 777-300ER, ìpele 9. A380 onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, 10. Pápákọ̀ lè ní rọ́nwéè tó gùn, kó ní tẹ́mínà tó dán, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ panápaná rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á já ìpele rẹ̀ wálẹ̀, bàálù ńlá kò ní lè wá. Àwọn èrò kì í mọ̀ pé àwa náà wà nínú ìdí tí bàálù fi ń wá.

Sọ̀féyọ̀ Mọ̀pà

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Jẹ́ kí n dá sí ìbéèrè kejì.

Tísà, ìwé yín kò parọ́, ó kàn kúrú ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín pápákọ̀ pọ̀. Bí ẹnì kan ṣe lè jẹ́ àgbẹ̀, kó jẹ́ díákónì, kó tún jẹ́ bàálé ilé, bẹ́ẹ̀ ni pápákọ̀ kan ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, ó kù sí ohun tí o bá ń wò lára rẹ̀.

Bí o bá ń wo ibi tí bàálù ti ń wá, wàá ní ti abẹ́lé àti ti òkèèrè. Kì í ṣe títóbi ló ń sọ pápákọ̀ di ti òkèèrè. Bí ìmígíréṣọ̀n, kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn elétò ìlera àti àwọn tó ń yẹ ewéko àti ẹran wò bá wà níbẹ̀, tí ìjọba sì ti yàn án ní ẹnubodè, ti òkèèrè ni.

Bí o bá ń wo ẹni tó ni ín, ti ìjọba àpapọ̀ wà lọ́wọ́ FAAN, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pápákọ̀; Ìlọrin, Akúrẹ́, Èkó àti Àbújá lára wọn. Ti ìpínlẹ̀ wà, bíi Asaba àti Uyo. Ti Osubi ní Warri, ilé-iṣẹ́ epo Shell ló kọ́ ọ. Ti ológun wà: Makurdi jẹ́ ibùdó àwọn ọmọ ogun òfurufú, tí èrò sì tún ń wọ bàálù níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ má sì rò pé FAAN ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. FAAN ló ni ilé àti rọ́nwéè àti panápaná. NAMA ló wà nínú tọ́wà tó ń darí bàálù. NiMet ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, NCAA sì ni aṣòfin tó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ẹ bi òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè pé ta ló ń san owó oṣù rẹ̀, ẹ máa gbọ́ orúkọ mẹ́rin nínú ọgbà kan ṣoṣo.

Bí o bá ń wo ìlò rẹ̀, ti èrò wà, ti ẹrù wà, ti hẹlikọ́pítà wà. Pápá kékeré tí kò ní tẹ́mínà wà, irú èyí tó wà ní Àjàókúta nítorí ilé-iṣẹ́ irin.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kóòdù ICAO, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ òfurufú. Nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan ni. Nọ́ńbà dá lórí bí ilẹ̀ tí bàálù nílò láti gbéra ṣe gùn tó: 1 kò tó 800 m, 2 bẹ̀rẹ̀ láti 800 m, 3 láti 1,200 m, 4 láti 1,800 m sókè. Lẹ́tà dá lórí bí ìyẹ́ bàálù ṣe fẹ̀ tó láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. A kò tó 15 m, irú bàálù kékeré ẹlẹ́ni mẹ́rin. B kò tó 24 m. C kò tó 36 m, níbẹ̀ ni 737 àti A320 tó ń ná Èkó sí Àbújá bọ́ sí. D kò tó 52 m. E kò tó 65 m, 777 wà níbẹ̀. F kò tó 80 m, A380 nìyẹn, ìyẹ́ rẹ̀ fi díẹ̀ dín ní 80. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé 4C ni pápákọ̀ kan, o ti mọ bàálù tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, láìjẹ́ pé o rí òpó kan níbẹ̀.

Tísà Ìsánlú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti ka ti Sọ̀féyọ̀ fún kíláàsì lánàá. Ọmọ kan dìde ó ní: "Sà, bí 4 bá bẹ̀rẹ̀ láti 1,800 m, tí Ìlọrin sì jẹ́ 3,100, ó ti kọjá 4 nìyẹn, ṣé gbogbo bàálù ayé lè balẹ̀ síbẹ̀?" Kí ni kí n sọ?

Sọ̀féyọ̀ Mọ̀pà

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn! Rárá ni ìdáhùn, ìdí rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ.

1,800 m yẹn, wọ́n ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé bàálù wà ní etí òkun, ojú ọjọ́ tutù ní dígírì 15, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Ìlọrin kò sí létí òkun, ó fi ohun tó lé ní 300 m ga ju ojú òkun lọ, ta ló sì rí dígírì 15 lọ́sàn-án Ìlọrin rí? Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ orí òkè náà fẹ́lẹ́, ìyẹ́ kò rí nǹkan tó lágbára tẹ̀ mọ́, bàálù á sáré pẹ́ kó tó gbéra. Bí wọ́n bá ń ya rọ́nwéè sórí páálí, wọ́n máa ń fi ìdá 7 nínú 100 kún gígùn rẹ̀ fún gbogbo 300 m tí ilẹ̀ bá fi ga, wọ́n á tún fi ti ooru kún un. Ìdí nìyẹn tí rọ́nwéè ilẹ̀ wa fi ń gùn.

Yàtọ̀ sí gígùn, ṣé ilẹ̀ náà le tó láti gbé ìwọ̀n bàálù náà? Ṣé tàsíwéè fẹ̀ tó? Ṣé ìyẹ́ rẹ̀ kò ní gbá bàálù mìíràn ní ápírọ̀nù? Ṣé ìpele panápaná Bàbá tó o? Ẹyọ kan péré ló kù, kò lè wá.

Ọ̀dọ́ Kàbà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, kò sí pápákọ̀ kan tí èrò lè wọ bàálù níbẹ̀. Káṣú wa ń lọ sókè òkun, gbogbo rẹ̀ ni à ń fi ọkọ̀ kó lọ sí Èkó. Ṣé ilẹ̀ wa kò gbà á ni?

Sọ̀féyọ̀ Mọ̀pà

Àbúrò, ìbéèrè àtàtà ni. Ti káṣú, jẹ́ kí n sọ òótọ́: ọkọ̀ ojú omi ló bá a mu, torí ó wúwo, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ohun tó ń bàjẹ́ kíákíá tó sì lówó lórí ni bàálù ń gbé, bí òdòdó tàbí ẹja tútù.

Ti ilẹ̀, wo àwọn òkè àpáta tó yí wa ká. Ibi tí bàálù máa gbà wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìdènà. Fún rọ́nwéè ńlá tó ní ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà wálẹ̀ nínú kùrukùru, ìlà kan wà tí wọ́n ń fà láti orí rọ́nwéè jáde: bí o bá fi 50 m jìnnà, ohun tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ju 1 m ga. Bí o bá jìnnà tó 3 km, 60 m. Jáde síta kí o wo àpáta tó sún mọ́ ọ jù, kí o ṣírò bó ṣe jìnnà tó àti bó ṣe ga tó. Kì í ṣe pé kò sí ibi tó tẹ́ nílẹ̀ Òkun, ó wà. Ṣùgbọ́n ibi tó tẹ́ tí òkè kò dí i lójú ní ìhà méjèèjì, tó sì tún kọ orí sí àríwá-ìlà-oòrùn bí Bàbá ṣe ṣàlàyé, a gbọ́dọ̀ wá a dáadáa kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba sọ̀rọ̀. Èmi ṣetán láti bá àwọn ọ̀dọ́ rìn ín.

Ọmọ Ògìdì ní Calgary

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n Sọ̀féyọ̀, ẹ fi ọ̀kan kún un. Ní Amẹ́ríkà, iye èrò tó ń wọ bàálù lọ́dún ni wọ́n fi ń pín àwọn pápákọ̀ wọn. Èyí tó bá gba ìdá 1 nínú 100 gbogbo èrò orílẹ̀-èdè náà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó wà ní ìpele àkọ́kọ́. Ìpele yẹn ni wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń pín owó àtúnṣe. Àwọn ọmọ lè fi ṣe ìṣirò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.

Tísà, ẹ tún sọ ti lẹ́tà fún wọn. ILR ni ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì Ìlọrin, ABV ni Àbújá, LOS ni Èkó. Àwọn awakọ̀ àti tọ́wà ń lo lẹ́tà mẹ́rin: DNIL, DNAA, DNMM. Gbogbo ti Nàìjíríà ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DN.

Akọ̀wé Ẹ̀kìnrìn-Àdé

Ti ìwé tó já yín kulẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Tísà: kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà pápákọ̀ náà, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú. Kí orúkọ gbogbo ọmọ àti ti àwọn olùkọ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà bọ́ọ̀sì àti ọjọ́ méjì tí wọ́n lè mú ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ fẹ́ rí gan-an: tẹ́mínà, panápaná, tọ́wà. Ti tọ́wà, NAMA ni kí ẹ kọ tirẹ̀ sí lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣìnà. Ẹ gba ìwé èsì kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ òbí kankan. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò níbi àyẹ̀wò ara.

Bàbá Panápaná, Ẹ̀gbẹ̀

Tísà, kó tó di ọjọ́ náà, ya rọ́nwéè náà sórí pápá bọ́ọ̀lù yín. Gbogbo mítà kan di sẹ̀ǹtímítà kan. 3,100 m ti Ìlọrin di 31 m. Fi eérú fa ìlà rẹ̀, kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 45 cm, torí 45 m ni ọ̀pọ̀ rọ́nwéè ńlá ń fẹ̀. Kí wọ́n gé 737 láti ara páálí, kí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó 36 cm, kí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 cm. Kí ọmọ kan jẹ́ tọ́wà, kí ẹnì kan jẹ́ panápaná. Ìgbà tí wọ́n bá rí bí páálí yẹn ṣe kéré lórí ìlà náà tí ìyẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n á mọ ohun tí awakọ̀ ń ṣe.

Tísà Ìsánlú

Bàbá, mo ti rí i lójú mi. A máa yà á lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìpàdé òwúrọ̀. Ìwé náà ti wà lórí tábìlì ọ̀gá, orúkọ àwọn méjìlélógójì wà nínú rẹ̀, mo sì ti kọ ti NAMA lọ́tọ̀. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn ni mo fi ṣe tọ́wà. Kọ́ńpáàsì mẹ́ta la ní, okùn tó gùn tó 31 m ni a ń wá.

Awakọ̀ Òkun

Okùn tí mo fi ń di ẹrù gùn ju 40 m lọ. Ọjọ́rú ni mò ń kọjá ní Ìsánlú, màá fi sílẹ̀ fún yín ní géètì.